Aṣọ́nà Tí A Kò Fún Ní Ìlẹ̀kùn

Ọkùnrin kan wà tí ó ń fi kíkọ́ ojúewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá oúnjẹ òòjọ́. Ilé ìwòsàn kan bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ ojúewé tí nọ́ọ̀sì yóò máa tẹ ìwọ̀n ọmọ sí, kí kọ̀ǹpútà lè sọ iye oògùn tó tọ́ sí i.

Ó mọ̀ pé ọwọ́ a máa ṣì tẹ̀. Nítorí náà ó lọ mú ayẹ̀wò kan, ètò tí ń yẹ ohun tí a bá tẹ̀ wò, tí àwọn àgbà iṣẹ́ náà ti ṣe sílẹ̀, ó so ó mọ́ ojúewé rẹ̀, ó sì fún un lófin: ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n kílò lọ. Ó tẹ igba kílò láti dán an wò. Lẹ́tà pupa yọ: "Èyí kò tọ̀nà." Ó rẹ́rìn-ín, ó pa kọ̀ǹpútà dé. Kò wo inú àpótí tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tí a tẹ̀ pamọ́ sí, bóyá igba náà ti wọlé.

Ó ti wọlé. Ayẹ̀wò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò ní kí iṣẹ́ dúró gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí èrò pọ̀, nọ́ọ̀sì tẹ àádọ́rùn-ún dípò mẹ́sàn-án. Lẹ́tà pupa yọ. Ó ṣe bí kọ̀ǹpútà ti kọ̀ ọ́, ó ní òun ń padà bọ̀, ó sì kọjú sí ọmọ mìíràn. Àṣẹ oògùn ti dé ojú fèrèsé tí àwọn èèyàn ti ń gba oògùn.

Ìyá àgbà tí ń pín oògùn kà á, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Ìyá ọmọ, ta ló fẹ́ mu èyí? Ọmọ yìí àbí ẹṣin?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Ó dé, ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà.

"Mà, ayẹ̀wò mi kígbe. Ẹ wo lẹ́tà pupa."

"Ó kígbe, ọ̀gá kọ̀ǹpútà. Ta ló dá dúró? O gba aṣọ́nà, o ò fún un ní ìlẹ̀kùn."

Ọkùnrin náà wo ọmọ náà, tó ń fa gèlè ìyá rẹ̀. Ó jókòó, ó kọ ìlà kan ṣoṣo tó kù: bí ayẹ̀wò bá kọ̀, kí nǹkan kan má ṣe kọjá.

Ìwọ tí ò ń gbọ́, má mi orí sí mi. Ẹni tó ti rin ọ̀nà jíjìn mọ̀ pé pátákó "afárá ti já" kì í dá mọ́tò dúró, bíréèkì ni. O ní ìyàwó tó ń bá ọ wí, o ní ọkàn tó ń gún ọ ní kẹ́ṣẹ́, o sì ń fi wọ́n yangàn. Ọjọ́ wo ni ọ̀kan nínú wọn dá ẹsẹ̀ rẹ dúró rí?