Abíọ́nà àti Ilé Búrẹ́dì

Mo fi ewú orí mi búra pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Abíọ́nà fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì àdúgbò wa. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ti ṣe rí ni kó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n bó bá sùn, ìrọ̀rí ló máa ń pò bí ìyẹ̀fun. Láràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń fún un lówó ọkọ̀ pé kó lọ wáṣẹ́. Á lọ tò sáàárín àwọn oníbàárà ilé búrẹ́dì náà. Bó bá kàn án, tí Ìyá Oníbúrẹ́dì bá ní, "Kí lo fẹ́, ọmọ mi?" á na owó ọkọ̀ náà sí i.

"Búrẹ́dì kan, mà."

Ilé wọn kún fún búrẹ́dì; ewúrẹ́ wọn gan-an ti kọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Iṣẹ́ ni mò ń wá, ṣùgbọ́n mi ò mọ nǹkan kan."

"Lọ fọwọ́, kóo wọlé," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí. Ó yíjú sí Abíọ́nà. "Ìwọ ni mo kọ́kọ́ fojú sùn fún iṣẹ́ yìí o. Mo kàn rò pé ọmọ olówó ló lè máa ra búrẹ́dì lójoojúmọ́. Àbí o fẹ́ sọ nǹkan ni?"

Abíọ́nà wo ọwọ́ ọmọbìnrin náà tó ti wà nínú ìyẹ̀fun.

"Ẹ bá mi fi bọ́tà sí búrẹ́dì mi, mà."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ ló ń wá. Àfi Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ẹ tètè sọ fún un.