Ìgbálẹ̀ Lórí Igbá

“Ẹ bi agbálẹ̀ kí ẹ tó sọ igbá lórúkọ.” Kò sí ọmọ Ìdó-Ẹ̀rín tí kò mọ òwe yìí, wọ́n ń pa á bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ibi tó ti ṣẹ̀, wọn yóò máa wo òkè wo ilẹ̀. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n? Ẹ jókòó dáadáa.

Nígbà tí ọba tuntun kọ́ ilé alájà méjì sí ẹ̀yìn ìlú, ààfin àtijọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìjọba rán ọ̀mọ̀wé kan, Ọ̀gbẹ́ni Látúndé, wá láti tún un ṣe. Ó kó ọ̀pá àṣẹ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìkòkò sínú àpótí onígíláàsì, ó sì lẹ ìwé orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tí kò mọ̀, ó rò ó. Èyí tó rò, ó kọ ọ́. Ní gbogbo ìgbà tó ń kọ ọ́, Ìyá Àwẹ̀ró ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó wọ agboolé ọba ló ti ń gbá ilẹ̀ ààfin náà. Ọ̀gá kò bi í ní nǹkan kan.

Ọjọ́ ìṣílé pé. Ọ̀gbẹ́ni Látúndé pàṣẹ pé kí agbálẹ̀ kankan má yọjú sí àlejò. Ìyá Àwẹ̀ró fara pamọ́ sẹ́yìn òpó, tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbọ́ tí ọ̀mọ̀wé náà ń ṣàlàyé pé Kábíyèsí kò ní gé rìbọ́ọ̀nù. Àwọn ìjòyè ni yóò gbé igbá àtijọ́ kan wá fún un, yóò ṣí i, yóò sì mú kọ́kọ́rọ́ ilé nínú rẹ̀.

“Àná la bá a lórí àjà,” ni ó wí, inú rẹ̀ ń dùn. “Igbá tí wọ́n fi ń kí ọba káàbọ̀ ni.”

Ìyá Àwẹ̀ró yọjú. Ó rí ọ̀nì tí wọ́n fín yí ọmọrí igbá náà ká. Ó dá igbá náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Gbogbo ìlú ló ti gbọ́ nípa igbá tí àwọn ìjòyè ń gbé fún ọba tí wọn kò fẹ́ mọ́. Òfìfo ni wọ́n máa ń gbé e fún un, ọba tó bá sì ti fọwọ́ ṣí i, ohun yòówù kó wà nínú rẹ̀, kì í rí oòrùn ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n àwọn tó fojú rí igbá náà ti kú tán, ó ku òun nìkan. Èèwọ̀ sì ni kí a dárúkọ rẹ̀ létí ọba. Ìjòyè Ọ̀tún, tó gbé igbá náà lọ́wọ́, ti kúnlẹ̀, Kábíyèsí ti na ọwọ́ sí ọmọrí.

Ó sáré jáde, ó sì gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ lé igbá náà lórí.

Háà! Tolórí tẹlẹ́mù fọwọ́ bo ẹnu. Ohun tí ìgbálẹ̀ bá kàn kì í kan ọwọ́ ọba mọ́. Ọmọdé mọ èyí. Àwọn ọlọ́pàá rọ́ lù ú.

“Ìyá, ṣé orí yín ti dàrú ni?” ni Ọ̀gbẹ́ni Látúndé ké. “Ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́!”

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni Kábíyèsí wí. “Ìyá, kí ló dé?”

Obìnrin náà dojú bolẹ̀. “Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo gbá ilẹ̀ ibi tí bàbá bàbá yín jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i.”

Kábíyèsí fa ọwọ́ padà bí ẹni tí iná jó. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún un pé àìsàn ló pa bàbá bàbá rẹ̀. Ó wò yíká. Kò sí ìjòyè kan tó lè wò ó lójú. Ọ̀tún tó gbé igbá wá rọra gbé e kalẹ̀.

“Kí ni wọ́n bá nínú rẹ̀?” ló bi í jẹ́ẹ́jẹ́.

“Wọn ò bá nǹkan kan, Kábíyèsí.”

Wọn ò ṣílé mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀gbẹ́ni Látúndé dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àwẹ̀ró, ó mú ìwé àti bírò, ó sì ń tẹ̀ lé e láti yàrá dé yàrá. Kí oṣù náà tó parí, ó ti ya ìdajì ìwé orúkọ tó kọ.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà Ìdó-Ẹ̀rín fi ń pa òwe yìí fún ẹni tó bá ń fi ìmọ̀ ìwé pàṣẹ lórí ohun tí kò bá a dàgbà, láìbi ẹni tó ń bá a gbé: ẹ bi agbálẹ̀ kí ẹ tó sọ igbá lórúkọ. Igbá náà ṣì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé títí dòní. Kò ní ìwé orúkọ kankan lára, ìgbálẹ̀ Ìyá Àwẹ̀ró sì wà lórí rẹ̀.