Omi Dídùn fún Ohun Tó Ń Mu Omi Iyọ̀

Ọmọ ni Orímisàn ń sunkún. Apẹja ni, ní abúlé kan ní etíkun Ìlàjẹ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ lẹ́yìn òjò, ọmọ mú Ọmọ́yẹlé aya rẹ̀. Orímisàn sáré wọ ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì inú ọkọ̀ kò dáhùn. Omi òkun ni ẹ́ńjìnì náà máa ń mu kí ara rẹ̀ lè tutù. Omi yẹn ló kù sí i nínú ní gbogbo ìgbà tí ìgbì fi lé àwọn apẹja wálé, irin rẹ̀ sì ti dógùn-ún. Wọ́n fi ọwọ́ wa ọkọ̀. Ọmọ náà kú kí wọ́n tó gúnlẹ̀.

Mẹkáníìkì tún ẹ́ńjìnì ṣe, ṣùgbọ́n Orímisàn kò bojú wo inú àpótí ẹ́ńjìnì náà mọ́. Ó kórìíra rẹ̀ bí a ti ń kórìíra ọ̀rẹ́ tó dani. Oyún mìíràn ti wá dúró báyìí, òjò ń ṣú bọ̀, ọkọ̀ gbogbo fẹ́ lọ sinmi, ìgbà tí òkun yóò tún rọlẹ̀ sì ni Ọmọ́yẹlé yóò bí. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Òun àti Ikúesan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun náà ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tọ arúgbó obìnrin tó ń bọ Olókun lọ.

Arúgbó náà da owó ẹyọ ẹẹ́rìndínlógún. Iyọ̀ kì í pariwo kó tó jẹ irin: bẹ́ẹ̀ ni a dá a fún Orímisàn ní ọjọ́ tó ń bẹ̀rù ẹkún kejì.

“Fi omi dídùn rúbọ fún ohun tó ń mu omi iyọ̀,” ni ìyá náà wí. “Fún un ní òróró tuntun. Tẹ́ ẹ sùn dáadáa, kó lè jí dáadáa. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi ṣe é.”

Orímisàn bèèrè bóyá òun lè bẹ mẹkáníìkì.

“Mẹkáníìkì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ lò ń bínú sí i. Ohun tí a bá ń bínú sí, a kì í tọ́jú rẹ̀.”

Ikúesan rẹ́rìn-ín. Ó ní dísẹ̀lì ni òun mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ń jẹ, òun kò tíì gbọ́ pé ó di òrìṣà. Ó lọ fi tapólì bo tirẹ̀, ó sì bá ẹmu lọ. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń fi owó ẹyọ wo ọ̀ràn. A kì í bá a jà, a máa ń dúró dè é ni.

Orímisàn gbe omi òjò sínú dúrọ́ọ̀mù. Ó ki páìpù tí ẹ́ńjìnì fi ń mu omi bọ inú rẹ̀, ó ṣáná sí i, omi dídùn ń ṣàn gba ibi tí iyọ̀ ti ń gbà. Ó pa á, ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ kí gbogbo omi lè jáde. Omi náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ Orímisàn dúró, ó sì sunkún. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti kú, kò sunkún lójú aya rẹ̀ rí.

“Èmi ni mo pa ọmọ wa,” ni ó wí. “Mo di ẹ̀bi ru ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n èmi ni mi ò tọ́jú rẹ̀.”

Ọmọ́yẹlé jókòó sí etí ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ lé ikùn.

“Ọkọ mi, a kò mọ̀ ni. Ní báyìí a ti mọ̀. Ṣe é tán.”

Ó ṣe é tán. Ó da ọ́ìlì dúdú nù, ó rọ tuntun. Ó kán díẹ̀ sí ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí, ó fi ọwọ́ yí i kí ọ́ìlì lè kan gbogbo egungun rẹ̀. Ó tú bátìrì gbé wọlé, ó fi àkísà dí ihò èéfín kí eku má bàa wọ̀ ọ́.

Òjò rọ̀ títí, ó dá. Òkun rọlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ mú Ọmọ́yẹlé. Orímisàn yọ àkísà, ó so bátìrì, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún yí i. Ẹ́ńjìnì dáhùn. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, Ọmọ́yẹlé ti gbọ́ igbe ọmọbìnrin rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé ni wọ́n bá Ikúesan lójú omi, tó ń fi ọwọ́ wa ọkọ̀ ńlá. Ẹ́ńjìnì tirẹ̀ ti gan pa. Ẹja ti ya dé etíkun, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti kó tiwọn tà. Orímisàn kò bi í léèrè ẹ̀rín àná. Ó ju okùn sí i, ó fà á.

Ní èbúté, Ikúesan dúró lókèèrè. Ó ní ọwọ́ òun ti bó, kò yẹ kó kan ara ọmọ. Orímisàn gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo ojú ọmọ, ó ní, “Àbúrò mi, mo kábàámọ̀.”

Báyìí ni ó rí. Ẹni tó gbà rúbọ, ire ọmọ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín, ó kábàámọ̀, ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló sì sùn lọ ní àyà rẹ̀.