Ìdí Tí Òkété Fi Ń Dí Ẹnu Ọ̀nà Ihò Rẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹnu ọ̀nà ihò òkété ṣì máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí òun fúnra rẹ̀ máa ń jáde lọ́sàn-án gangan wá kí aládùúgbò, opó kan wà tó ń jẹ́ Àyọ̀ká. Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti lọ sílé ọkọ lódìkejì odò. Ilé wá dá paroparo.

Òkété ló di alábàárò rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé Àyọ̀ká ló gbẹ́ ihò sí. Bí ìyá bá ń roko, òkété á máa fọwọ́ wa ilẹ̀, wọn á sì jọ máa tàkúrọ̀sọ. Àyọ̀ká kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ: bí a ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà, bí a ti ń gbin ẹ̀pà ní ìlà-ìlà, ká fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan sáàárín ọ̀kan sí èkejì. Èyí tó máa ń tẹnu mọ́ jù ni pé, "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í fi ẹnu tó kún dá àgbà lóhùn."

"Mo gbọ́, Ìyá," ni òkété máa ń wí.

Lọ́dún kan, Ìbídùn fi igbá ẹ̀pà kan ránṣẹ́ sílé. Ó ní, "Ẹ gbìn ín, Ìyá. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ hú u ni kí ẹ máa retí mi." Inú Àyọ̀ká dùn dé ẹ̀yìn. Ó gbin ẹ̀pà náà sí ìsàlẹ̀ ọgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wo ọ̀nà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó rí i pé wọ́n ti tú gbogbo ilẹ̀ tó gbìn. Òkété ló bá níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú bọ̀ǹbọ̀.

"Òkété, kí ló wà lẹ́nu rẹ?"

Òkété kúnlẹ̀.

"Ẹ̀pà ọmọ mi lo jẹ? Dá mi lóhùn!"

Òkété dorí kodò. Ẹnu rẹ̀ kún, àgbà ló sì ń bi í léèrè. Ó sáré wọ ihò lọ, kó lè tú ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ kó tó fèsì.

Ta ni inú ń bí tó ń ro ẹ̀yìn ọ̀la? Àyọ̀ká kó ewé gbígbẹ sínú ìkòkò tó ti lu nídìí, ó da ata gbígbẹ lé e, ó finá sí i, ó sì ń fẹ́ èéfín rẹ̀ sínú ihò. Ó gbọ́ ikọ́ lábẹ́ ilẹ̀. Ó gbọ́ tí òkété ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ìyá!" Kò dáwọ́ dúró. Òkété gba ihò kejì jáde, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di inú igbó.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí òjò ńlá fi rọ̀. Àgbàrá gbá ìsàlẹ̀ ọgbà lọ ráúráú. Àyọ̀ká gun òkè lọ sẹ́yìn ògiri, níbi tí omi kì í dé, ẹ̀pà ló bá níbẹ̀ tó ń yọrí, ní ìlà-ìlà, àtẹ́lẹsẹ̀ kan láàárín ọ̀kan sí èkejì.

Àṣé òkété, tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀, ti mọ̀ pé omi ń bọ̀. Àyọ̀ká jókòó sílẹ̀, ó rántí ẹ̀kọ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ọ, ó sì sunkún.

Ẹ̀pà gbó, Ìbídùn dé. Wọ́n hú u, wọ́n sè é, wọ́n ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ojú ìyá kò kúrò ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ta lẹ tún ń wò lọ́nà, Ìyá, nígbà tí mo ti dé?"

Àyọ̀ká bu ẹ̀pà sínú igbá, ó wọ igbó lọ. Ó rí ihò tuntun tí wọ́n ti inú fi ewé àti erùpẹ̀ dí pa. Ó da ẹ̀pà sí ẹnu ọ̀nà. Ó pè, ó pè, òkété kò jẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni òkété kì í ti í jáde lójú oòrùn mọ́, tó sì ń ti inú dí ẹnu ọ̀nà ihò rẹ̀ bó bá ti wọlé. Láti ọjọ́ náà ló ń kó irúgbìn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kiri, tí kì í sì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Àyọ̀ká kò sì yéé lọ síbẹ̀ títí ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́. Á tẹ̀ba, á gbé ẹnu sí ihò náà, á ní, "Ọmọ mi, bí ẹnu rẹ tilẹ̀ kún, dá mi lóhùn."