Bí Ọkọ̀ Ṣe Di Ọkọ́ Létí Odò

"A kì í fi igbe sọ ọkọ́ di ọkọ̀." Ẹnu kálukú ni òwe yìí wà, pàápàá níbi tí àríyànjiyàn bá ti gbóná. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ló mọ̀ ọ́n dé gbòǹgbò? Ẹni tó bá rò pé àgbẹ̀ ló dá a sílẹ̀, ó ṣì í. Ìyá ìyàwó kan ló ni ín, ọ̀rọ̀ náà kò sì pa ìyá yẹn lẹ́rìn-ín rárá lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Àwa tí a gbọ́ ọ ni a ń fọwọ́ di ikùn mú.

Ẹfúnyẹmí ni orúkọ rẹ̀, opó ni, Etídò ló ń gbé. Ẹyẹ ló ń lé lóko ìrẹsì, ohùn rẹ̀ sì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ké "Háà!" lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn ẹ̀gà tó wà lóko rẹ̀ á gbéra, ti oko aládùúgbò náà á sì bá wọn lọ. Ó ń fi ohùn náà yangàn. Lójú tirẹ̀, kò sí wàhálà kan láyé tí igbe tó múná kò lè yanjú.

Àdùnọlá ọmọ rẹ̀, tó lọ sílé ọkọ ní òdìkejì odò, wá bí obìnrin làǹtìlanti. Nílùú náà, orúkọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè sí ọmọ létí lọ́jọ́ ìkómọ ni yóò mọ́ ọn lórí títí ayé. Ìbídùnní ni Ẹfúnyẹmí ti ní lọ́kàn láti ìgbà tí oyún ti wà níkùn. Àmọ́ ó ti ta sí i létí pé Akínyọdé, baba ọkọ, tó ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà lórí ààlà ilẹ̀, ti mú tirẹ̀ sílẹ̀: Ojútìwọ́n! Kí ọmọ ọwọ́ máa ru ìjà ààlà kiri títí yóò fi hewú! Ìyá àgbà pinnu pé kò ní ṣẹlẹ̀. Àfi kí òun débẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ.

Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ ìkómọ, ó dé etí odò. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní lódò náà wà ní òdìkejì, Ṣówándé atukọ̀ sì jókòó tì í, orín lẹ́nu. Ẹfúnyẹmí fa èémí sínú, ó ké:

"Ṣówándé! Gbọ́kọ̀ wá o!"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. A máa ń sọ fún ènìyàn pé kó gbóhùn sókè, a ò sì rántí pé ọ̀nà méjì ni ohùn ń gbà lọ sókè. Ó lè pọ̀ sí i, ó sì lè tín-ín-rín kó gòkè. Ẹni tó bá ń fi gbogbo agbára ké, àtèkíní àtèkejì ló sábà máa ń ṣe pọ̀ láìmọ̀. Ọkọ̀ tó yẹ kó balẹ̀ fò sókè lẹ́nu Ẹfúnyẹmí, "Gbọ́kọ́ wá o!" ló sì bọ́ sí Ṣówándé létí.

Ọmọlúwàbí ni Ṣówándé. Kò bi ìyá arúgbó ní ohun tó fẹ́ fi ọkọ́ ṣe. Ó sáré lọ sílé ìkómọ, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ odò jù, ó yá ọkọ́ kan, ó padà dé, ó nà án sókè kí ìyá rí i, kí òun má baà tukọ̀ lásán.

"Ṣé èyí dáa, Ìyá?"

"Ọkọ̀ ni mo wí! Ọkọ̀!"

Igbe yìí pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ga jù ú lọ.

"Áà, ó kéré sí wọn," ni Ṣówándé wí, ó bá tún sáré lọ mú èyí tó tóbi wá. Ìyá tún ké. Ó tún sáré. Àwọn àlejò ìkómọ rò pé ilẹ̀ ló ya lulẹ̀ lódìkejì, ni wọ́n bá tú jáde, tọkùnrin tobìnrin, kálukú pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Etí odò wá kún bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kọ ebè sójú omi. Akínyọdé nìkan ló kù nílé ti ìyá ọmọ àti ọmọ, ó ń fapá jánú, torí kò lè sọ ọmọ lórúkọ fún àga òfìfo.

Nígbà tó yá, ọ̀fun Ẹfúnyẹmí há. Igbe tó kù níbẹ̀ kò lè gòkè mọ́, kò sì tíì balẹ̀. Àárín ló dúró sí.

"Gbọ́kọ wá o!"

Gbogbo èrò dákẹ́ lọ gbári. Ọkọ kẹ̀? Bàbá Láníyọnu, tí aya rẹ̀ ti ṣaláìsí, ju ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tún fìlà ṣe.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ń bọ̀," ló wí, "kí n lọ wẹ̀ ná!"

Ẹfúnyẹmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omijé sì ń bọ̀. Ó dun ún gan-an. Ojútìwọ́n ti fẹ́ mú ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ti rántí okùn tó so agolo mọ́, tó fi ń ran igbe rẹ̀ lọ́wọ́ láti lé ẹyẹ lóko. Bó bá lu okùn náà kíkankíkan, ariwo rẹ̀ ń pọ̀ ni, ohùn rẹ̀ kì í kúrò níbi tó wà. Ìgbà tó bá fà á le ni ohùn náà ń gòkè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, á sọ̀ kalẹ̀. Háà! Ọ̀fun òun ni òun ti ń fà le láti àárọ̀!

Ó dẹ èjìká, ó dẹ ọ̀fun, ó rọra jẹ́ kí ohùn rẹ̀ balẹ̀ bíi ti màlúù tó yó.

"Ṣówándé. Ọkọ̀."

Odò pa rọ́rọ́, èrò ṣì dákẹ́ torí ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ náà sì yọ́ gba orí omi kọjá. Ṣówándé gbá orí ara rẹ̀.

"Yéè! Ọkọ̀ ni wọ́n ń pè!"

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Àwọn kan jókòó sẹ́rẹ̀. Ṣówándé ń rẹ́rìn-ín tukọ̀ débi tí ọkọ̀ ń yí po, ó ṣáà gbé ìyá gúnlẹ̀, wọ́n sì sìn ín délé, tọkọ́tọkọ́. Bí Akínyọdé ṣe rí èrò ló gbé ọmọ, ó fa èémí sínú kẹ̀ẹ̀, kó lè kígbe orúkọ náà kí aládùúgbò gbọ́ ọ nílé. Ẹfúnyẹmí kò lóhùn kankan mọ́. Ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó fẹnu kan etí ọmọ, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́:

"Ìbídùnní."

Ọmọ sín. "Ó ti gbọ́ o!" ni Àdùnọlá kígbe láti orí ẹní. Akínyọdé wo ọmọ, ó wo gbogbo ọkọ́ tó yí i ká, èémí tó fà sínú bá di ẹ̀rín mọ́ ọn lẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé a kì í fi igbe sọ ọkọ́ di ọkọ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan kò bá tọ́, tó wá rò pé bí òun bá tún un sọ tariwotariwo yóò tọ́, ni àwọn àgbà ń pa á. Wọn kì í pariwo pa á, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni.