Àwo Ìyàwó Ọ̀yà

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ọ̀yà, tí ìyàwó rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀rùn.

Òjò ń bọ̀, Ọ̀yà nìkan kò sì lè kọ ebè tán. Ó bẹ Àdàbà àti Ọ̀bọ ní ọ̀wẹ̀.

Lórí ebè kìíní, Àdàbà ní, “Ìyàwó rẹ wà lọ́run, ó ń wò wá. Àbí?”

“Mi ò mọ̀.”

Lórí èkejì, Ọ̀bọ ní, “Àgbààyà! Sọ pé kò sí ọ̀run!”

“Mi ò mọ̀, ọ̀rẹ́.”

Lórí ẹ̀kẹta, àwọn méjèèjì ju ọkọ́ sílẹ̀. “Mú ọ̀kan, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ a ó lọ!”

Ọ̀yà ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun. Ó bu iṣu sí àwo mẹ́rin, ó ń kọrin. Ẹ gbè é:

Ibi tó lọ, ta ló mọ̀?
*Bu tirẹ̀ sílẹ̀!*
Bóyá yóò dé, ta ló mọ̀?
*Bu tirẹ̀ sílẹ̀!*

Àdàbà pariwo, “O gbà pé ó ń bọ̀!”

Ọ̀bọ ní, “Ta ni yóò jẹ ẹ́?”

“Mi ò mọ̀. Bí kò bá dé títí a ó fi kọ ebè tán, ẹ pín in.”

Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n gbé ọkọ́, ojú wọn wà lára àwo kẹrin.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó ní òun ò mọ̀ kò sọ pé òun ò fẹ́ràn ẹni tó lọ.