Bí Ọdẹ́jàyí Ṣe Rí Ọ̀nà Oníyọ̀ Nínú Aṣálẹ̀

Mo kí yín o, ẹ̀yin tí ẹ jókòó àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdúró. Ojú tí ẹ fi ń wò mí kò ní fọ́. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí arúgbó, ọmọ Ọdẹ́jàyí, ọmọ ọkùnrin tí ẹfọ̀n bá rí, tí koríko a bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìtàn bàbá mi ni mo fẹ́ sọ, bí ó ti wá àbúrò rẹ̀ lọ, Akínlàjà, tí ó bá àwọn oníyọ̀ lọ sí aṣálẹ̀ orí òkè, tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Háà, ilẹ̀ náà lẹ́wà! Òkè pupa lórí òkè pupa, kò sí igi, kò sí ibòji, odò kan ṣoṣo ló ń wọ́ lọ láàárín àpáta gíga méjì, omi rẹ̀ mọ́ gaara. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ni ẹlẹ́nu-lẹ́yìn-ọrùn, olójú-lórúnkún, eléèékánná-bí-àdá, àti iwin kan tó ń fi ikùn fò. Bàbá mi yìnbọn sókè lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn yà fún un.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Nínú igbó tiwa, ọdẹ tó bá ṣìnà, odò ni í tẹ̀lé lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi kan abúlé. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, odò rì sínú iyanrìn, ó tán síbẹ̀.

Ajẹyanrìn, iwin tó ni aṣálẹ̀, ló ń dúró dè é níbẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ará igbó, odò tiyín ló ń lọ sílé, tèmi, ikùn mi ló ń wọ̀! Àbúrò rẹ wà ní kànga àwọn oníyọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Bí o bá mọ ọ̀nà, lọ gbé e. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin méjèèjì di tèmi lọ́la."

Bàbá mi ní: "Ìwọ tó mu odò tí òùngbẹ ṣì ń gbẹ, ta ni yóò bẹ̀rù rẹ?"

Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti já. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá ipa ẹsẹ̀ ẹtu. Ó rí òkúta tó dán, tó jìn bí inú ọpọ́n. Ẹsẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ jìn bẹ́ẹ̀! Ẹsẹ̀ àwọn oníyọ̀ àti ràkúnmí wọn, láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ọ̀nà wọn kọ odò sílẹ̀, ó gun òkè, láti kànga dé kànga. Orí bàbá mi wú: kí ọmọ adáríhurun fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán gbẹ́ àpáta! Ó ṣí fìlà fún àwọn tí kò mọ̀ rí, ó sì tọ ọ̀nà wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kí Ajẹyanrìn tó rí wọn mú, ó bá Akínlàjà ní kànga kẹta, ètè rẹ̀ ti bó, ó ṣì ń mí. Ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ títí dé ilé, tìlù tìfọn ni wọ́n fi pàdé wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá dé ilẹ̀ tí ẹ kò mọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá ipa ẹsẹ̀ àwọn tó ti kọjá. Ká ní bàbá mi tijú àtibẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Akínlàjà ì bá kú sí kànga. Bẹ́ẹ̀ Akínlàjà yìí ni baba ńlá ìdajì ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú mi yìí.